Ilẹ̀ Tó Ṣá, Obìnrin Tó Yàgàn: Òrìṣà Oko àti Ẹjọ́ Àìléso ní Òkè-Ògùn

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá fi ń dárúkọ ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Bí ilẹ̀ kò bá mú èso jáde mọ́, a ó ní ilẹ̀ náà ti ṣá. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ni aṣálẹ̀ ti wá. Bí obìnrin kò bá bímọ, a ó ní ó yàgàn. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré. Ohun tí ó ṣá ti fìgbà kan dára rí. Ẹwà a máa ṣá, nítorí pé ẹwà ti kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ a máa ṣá, nítorí pé ẹnì kan ti dáko lórí rẹ̀ títí ọ̀rá rẹ̀ fi tán. Ìtàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí a bá sì tú ìtàn náà wò, a ó bá ènìyàn níbẹ̀. Àgàn kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ara obìnrin nìkan ni ó ń nàka sí, kò bi ẹnikẹ́ni mìíràn léèrè.

Kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ó bá àgàn dọ́gba fún ọkùnrin. Akúra ni a ń pe ẹni tí kò lè bá obìnrin lò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ó jẹ́ pé àtọ̀ rẹ̀ ni kò lè mú oyún wá, èdè wa kò ní orúkọ kan tí a fi ń bú u lójú agbo. Nígbà tí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè orúkọ tí à ń pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, wọn a dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan nínú wọn yóò dárúkọ ìyàwó rẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, ìtàn ìwáṣẹ̀ Yorùbá kò yà wọ́n. Nínú àwọn ìtàn náà, kì í ṣe àìsàn ni àìléso, ẹjọ́ ni: ẹnì kan ṣẹ ẹnì kan, òjò wọ́n, inú ṣófo. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí a ti ń bèèrè ẹni tí yóò jẹ́jọ́ náà. Òrìṣà Oko, òrìṣà tí ìlú Ìràwọ̀ ní Òkè-Ògùn jẹ́ orírun rẹ̀, ni a ó fi ṣe àtẹ̀gùn, nítorí pé òun kan náà ni ó ń mú iṣu ta, òun ni à ń bẹ̀ fún ọmọ, òun náà ni ó sì ń dá ẹjọ́.

Emó kan ṣoṣo

Kí a tó dé Ìràwọ̀, ó yẹ kí a rántí ìtàn méjì tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Èkíní ni ti Ilẹ̀ àti Ọ̀run tí wọ́n jọ lọ dẹ ìgbẹ́. Emó kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Nígbà tí ó kan pínpín, Ilẹ̀ ní òun ni ẹ̀gbọ́n, Ọ̀run ní irọ́ ni, òun ni. Ọ̀run bínú gòkè lọ, ó sì ká òjò lọ́wọ́ kò. Irúgbìn kú sínú ebè, odò fà, oyún tí ó dúró kò di ọmọ. Nígbà tí ìyà pọ̀, Ilẹ̀ jọ̀wọ́ ipò àgbà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò gbé ẹbọ dé òkè. Ẹyẹ púpọ̀ gbìyànjú tì, Igún ni ó gbé e dé. Àwọn kan fi kún un pé òjò tí Igún tọrọ ni ó pa á lójú ọ̀nà, pé kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un, àti pé níbi tí wọ́n ti ń lé e ni orí rẹ̀ ti pá. Mo fẹ́ràn àfikún yìí, nítorí pé ó fi hàn pé àwọn tó ń sọ ìtàn náà mọ bí aráyé ti ń san oore.

Ẹ wo ohun tí ó fa ọ̀dá náà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àgbẹ̀, kì í sì í ṣe pé ilẹ̀ kò dára. Ìjà ipò ni, láàárín àwọn ẹni ńlá méjì, lórí ẹran tí kò tó ọbẹ̀ ọjọ́ kan. Aboyún tí kò rí ọmọ bí kò sí níbi tí wọ́n ti pa emó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ìjà náà dé sí.

Ìtàn kejì wà nínú odù Ọ̀ṣẹ́túrá. Nígbà tí àwọn òrìṣà dé ilé ayé, àwọn mẹ́rìndínlógún tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin ń ṣe ìpàdé, wọn kò pe Ọ̀ṣun tí ó jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bàjẹ́. Òjò kò rọ̀, ẹbọ kò fín, ìdààmú dé bá ayé. Wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń pe Ọ̀ṣun sí ọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, ọmọ náà ni yóò máa bá wọn jókòó. Ọmọ náà ni Ọ̀ṣẹ́túrá, ayé sì tún gún. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ti yí sí obìnrin, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a rán lọ jẹ́jọ́. Àwọn tí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n jẹ̀bi, àwọn náà ni wọ́n sì kúnlẹ̀.

Ìtàn irú èyí kò pin sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará Hiti, tí ilẹ̀ wọn wà ní ibi tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ ìtàn Telipinu sára wàláà amọ̀ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn: òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, ó bínú lọ, ewéko gbẹ, màlúù àti ènìyàn kò lóyún mọ́. Oyin ni wọ́n rán lọ wá a, oyin ta á, ó jí. Ó dára kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé A. B. Ellis, nínú ìwé tí ó kọ nípa Yorùbá ní 1894, sọ pé oyin ni ìránṣẹ́ Òrìṣà Oko. N kò sọ pé ọ̀kan yá a lọ́wọ́ èkejì. Ẹni tí ó bá dáko mọ̀ pé níbi tí oyin bá ti ń jẹ̀, èso wà níbẹ̀.

Ìràwọ̀ àti ọdẹ tó di òrìṣà

Ìjọba Ìbílẹ̀ ATISBO, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Tédé, ni Ìràwọ̀ wà, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di Òkè-Ògùn. Ìràwọ̀-Ilé àti Ìràwọ̀-Owódé ni à ń dá mọ̀ lónìí. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀: koríko gíga, igi òrí àti igi irú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín oko, àpáta níbí, òkè lọ́hùn-ún. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kán sílẹ̀. Ọyẹ́ a fẹ́, iná ìgbẹ́ a jó, ojú ilẹ̀ a dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí òjò bá tún dé, nǹkan bí 1,000 sí 1,200 mìlímítà lọ́dún, iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ a bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé irú ilẹ̀ yìí ń rí ikú àti àjíǹde ilẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì lè gbà pé òjò jẹ́ ẹ̀tọ́ òun.

Ìtàn kan tí ó ti wọ inú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún sọ pé ọdẹ ni Òrìṣà Oko kí ó tó di òrìṣà. Ẹtù ni ó ń fi àwọ̀n mú lórí ilẹ̀ olówó kan, òun pẹ̀lú ajá rẹ̀ àti fèrè kan. Bí ó bá sọnù nínú ìgbẹ́, a fọn fèrè, ajá a sì wá a rí. Nígbà tí ó darúgbó, ó lọ ń gbé inú ihò àpáta, ó ń sọ àṣírí fún àwọn tó bá wá a, pàápàá ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ó kú, wọn kò fi ihò náà sílẹ̀, wọ́n ń bọ ọ́ níbẹ̀.

Ohun kan ṣàjèjì nínú ìtàn yìí, n kò sì rí i pé àwọn onímọ̀ dúró lé e lórí tó bí ó ti yẹ: kò dáko. Òrìṣà tí à ń pè ní ti oko jẹ́ ẹni tí ó ń rìn lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí ó mọ ìgbẹ́, tí ó sì mọ bí a ṣe ń wá ohun tó sọnù. Ẹtù, ẹ̀wẹ̀, ọ̀tá oko ni. Yóò hú irúgbìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, yóò sì gbé e mì. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òrìṣà yìí ṣe fún àgbẹ̀ kì í ṣe láti mú ilẹ̀ so. Ó ń mú olè. Bí a bá wò ó báyìí, kò ní yà wá lẹ́nu mọ́ pé onídàájọ́ ni ó dà nígbà ogbó.

Ọ̀pá rẹ̀ sọ ohun kan náà. Irin ni, ó gùn, ó wúwo, orí rẹ̀ fẹ̀ bí ojú idà. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ìràwọ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́, irin ọkọ́ tí àwọn olùsìn bá kó wá ni wọ́n sì ń yọ́ pọ̀ ṣe é. Ẹni tí ó bá gbà á a wọ̀ ọ́ láṣọ, a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àkọ̀ fún un, a sì gbé e sí iyàrá bí ènìyàn. Robert Farris Thompson kọ nípa àwọn ọ̀pá náà nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1971, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí. Ellis àti àwọn tó tẹ̀ lé e tẹnu mọ́ ọn pé nǹkan ọkùnrin ni àmì òrìṣà yìí, wọ́n sì rò pé àwọn ti dé ìdí ọ̀rọ̀. Wọn kò dé e. Ọkọ́ ni irin tí a fi ń ṣí ilẹ̀ láyà. Ọkọ́ tí ó ti jẹ ilẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi jẹ, òun ni a kó jọ tí a sọ di ọ̀pá adájọ́. Ó dà bí ẹni pé a kó gbogbo ọwọ́ tí ó ti kan ilẹ̀ náà wá sí ibì kan, kí wọ́n lè jẹ́rìí.

Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn olùsìn rẹ̀. Efun àti osùn ni àmì iwájú orí wọn, funfun àti pupa lójú kan náà. Nígbà ọdún iṣu titun, wọn kì í fi iṣu kan ẹnu kí òrìṣà tó jẹ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ń dun ènìyàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí ó ń mú ebè lóyún kò ní ṣàìmọ ọ̀nà ilé ọmọ.

Ìrántí iṣẹ́ ìdájọ́ yìí tẹ̀ lé àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun. Ní Cuba, wọ́n so Òrìṣà Oko pọ̀ mọ́ San Isidro, ẹni mímọ́ àwọn àgbẹ̀ tí àjọ̀dún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì ń yà á pẹ̀lú màlúù méjì àti ohun ìtúlẹ̀ tí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ìgbà náà kò lò. Aṣọ rẹ̀ yí padà pátápátá. Síbẹ̀, àwọn olùsìn ibẹ̀ ṣì ń pè é ní alárinà tó ń parí ìjà, pàápàá ìjà àwọn obìnrin, àwọn tí ń wá ọmọ ṣì ń fi iṣu bẹ̀ ẹ́.

Ta ni à ń mú lọ sí Ìràwọ̀?

Ibí ni ìtàn ti yí padà. Nínú ìjà emó, àwọn àgbà ni wọ́n jẹ̀bi. Nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìtàn tí ó di ilé ẹjọ́ gidi, tí ó ní ihò àpáta àti aláwo, ẹni tí wọ́n ń mú wá síwájú rẹ̀ jù ni obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn. Ọmọ kú nílé, oko kò ṣe dáadáa, ìyàwó kékeré kò lóyún: wọn a wo ìyá àgbà tó jókòó lẹ́bàá ògiri. Láti ìlú jíjìn ni wọ́n ti ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sí Ìràwọ̀. Ìtàn sọ pé ẹni tí ó bá jẹ̀bi kì í jáde nínú ihò náà láàyè. Ẹni tí òrìṣà bá dá láre a padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rí, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọ̀pá irin náà fúnra rẹ̀, ẹnu kan kò sì ní lè pè é ní àjẹ́ mọ́.

Mo gbà pé ìdáláre yẹn tóbi. Obìnrin tí ó gbé ọ̀pá Ìràwọ̀ wọ ìlú ní ohun tí ọba kò lè fún un. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùsìn tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ fún irin náà jẹ́ ẹni tí wọ́n ti fìgbà kan tì síwájú ikú. Àwọn òǹkọ̀wé kan fi èyí ṣe ìdí láti yin ilé ẹjọ́ náà pé ó ń dáàbò bo obìnrin. N kò lè bá wọn dé ibẹ̀. Ààbò tí ènìyàn kò lè rí gbà àfi bí ó bá kọ́kọ́ wọ ihò, iye rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó tún yẹ kí a kíyè sí i pé bí a ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ìtàn ìwáṣẹ̀. Olódùmarè bi àwọn òrìṣà pé kí ni wọ́n ṣe sí Ọ̀ṣun. Ní Ìràwọ̀, wọ́n ń bi obìnrin pé kí ni ó ṣe sí ayé.

Ìjọba amúnisìn fi òfin de irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti 1916 ka ìdánwò ikú àti fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìjìyà. Ìbéèrè náà kò bá òfin kú. Ní 1950 sí 1951, àwọn Àtíńgà gba Dàhòmì wọ ìlú àwọn Yewa, wọ́n ń nàka sí àjẹ́. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n mú jù, wọ́n ń jẹ́wọ́, wọ́n sì ń sanwó kí wọ́n lè wẹ̀ wọ́n mọ́. Lónìí, ẹ̀sùn náà ti wọ ilé ìjọsìn mìíràn, kò sì pọn dandan kí n ka orúkọ wọn. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́fà ni yóò bá ìṣòro àìríbí pàdé ní ayé rẹ̀, àwọn dókítà sì ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni ó ti ń wá, pátápátá tàbí lápá kan, nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ. Síbẹ̀, ìyàwó ni wọ́n ń kọ́kọ́ rán lọ ṣàyẹ̀wò. Bí àyẹ̀wò rẹ̀ bá dára, wọn a ní kí ó tún un ṣe.

Ọ̀dàn náà lónìí

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn náà wà nínú ẹjọ́. Nígbà kan, bí ilẹ̀ bá ṣá, àgbẹ̀ a fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, koríko a bò ó, igi a hù, ọ̀rá rẹ̀ a padà. Ìyẹn gba àyè, àyè sì ń dín. Èyí tó tún le ni ọ̀rọ̀ èédú. Wọ́n ń gé igi òrí àti igi irú lulẹ̀, wọ́n ń sun wọ́n di èédú sínú àpò, ọkọ̀ ń kó wọn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, apá kan sì ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń fi sun ẹran lẹ́yìnkùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tó ọdún 15 sí 20 kí igi òrí tí ó dá hù tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa. Wákàtí kan kò pé tí ẹ̀rọ fi ń gé e.

Obìnrin ni ó ń ṣa èso òrí, obìnrin ni ó ń sè é, tí ó ń gún un, tí ó ń pò ó títí òrí fi yọ. Obìnrin náà ni ó ń ṣe irú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ igi méjèèjì di èédú, apò obìnrin ni ó kọ́kọ́ ń ṣá kí ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹ́: ìpàdé ti wáyé lórí ilẹ̀ náà, wọn kò sì pe ẹni tí ó ń ti ara rẹ̀ jẹun.

Ẹni tí a ó pè lẹ́jọ́ ni kò rọrùn láti mọ̀. Àgbẹ̀ ní Fúlàní ni ó fi màlúù jẹ koríko tán, Fúlàní ní àgbẹ̀ ni ó dáko sí ojú ọ̀nà màlúù. Onílẹ̀ ní àwọn tó ń sun èédú ti sanwó, àwọn yẹn ní ebi ló lé àwọn wọ igbó. Àwọn náà nìkan ni a sì ń rí, nítorí pé èéfín a máa fi ibi tí wọ́n wà hàn. Ilẹ̀ àti Ọ̀run mọ ara wọn lójú, wọ́n sì jọ mọ emó tí wọ́n ń jà lé. Ẹni tí ó ń fẹ́ iná sí èédú ní Jámánì kò gbọ́ orúkọ Tédé rí, kò sí Igún kan tó ń fò láàárín àwọn méjèèjì.